Wúrà Kò Tíì Yọ, Gbèsè Ti Yọ

Òkúta náà kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ọ̀rá funfun ni wọ́n fi wé e, ó sì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní ìlú Oǹdó, níbi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ti ń ṣèpàdé ọ̀sán Sátidé. Ọkùnrin tó gbé e wá wọ kóòtù. Àkúrẹ́ ló ti wá. Ó ní àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán lára òkúta yẹn, wúrà ni. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń wa kùsà ló rán an: owó díẹ̀ ló kù tí wọ́n fẹ́ fi parí iṣẹ́, ẹni tó bá sì dá sí i lónìí yóò máa gba tirẹ̀ lóṣooṣù.

Àwọn kan gbé òkúta náà sún mọ́ fèrèsé kí oòrùn lè tàn sí i. Àwọn kan fi èékánná họ ọ́. Ìyá kan tó jẹ́ alágbàtà kòkó, tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè kan ló bi.

"Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ti wúrà. Ta lẹ jẹ lówó?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kò kan ẹni tó fẹ́ jèrè. Èmi tí mo kàn sin ọ̀rẹ́ mi wá sí ìpàdé náà, mo rí i bí ojú àwọn èèyàn ṣe yí padà. Ọ̀rọ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Irú ìpolówó báyìí ti wọ́pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó láti ìgbà tí owó wúrà ti fò sókè. Ní ọdún 2021, nǹkan bíi $1,800 ni wọ́n ń ra ounce kan lágbàáyé. Ní 2025 ó kọjá $3,000, kò sì dúró níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ ní Alágbàkà ní Àkúrẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń jẹun ọ̀sán. Ẹ ó gbọ́ ọ nídìí ìsọ̀ aṣọ ní Ọjà Ọba. Ẹnì kan á ní ìbátan òun ti ra ìpín nínú kùsà; ẹlòmíràn á ní wọ́n san tòun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni kò wá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń purọ́. Ilé iṣẹ́ kùsà kékeré wà tó ní ìwé àṣẹ, tó ní ilẹ̀, tó tilẹ̀ ní ohun gidi lábẹ́ ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ilé iṣẹ́ olóòótọ́ lè rì sínú gbèsè títí owó àwọn tó gbà á gbọ́ yóò fi wọmi, láìsí pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀.

Irin tó wà ní Àgbàbú

Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ará ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní abúlé Àgbàbú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, irin kan yọ orí láti inú ilẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1910 ló sì ti wà níbẹ̀. NBC-7 ni wọ́n ń pè é. Bí oòrùn bá mú, ọ̀dà dúdú á máa yọ́ jáde ní àgbègbè náà, á lẹ̀ mọ́ bàtà, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Àwọn àlejò máa ń wá ya fọ́tò níbẹ̀.

Nigeria Bitumen Corporation ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún. Ọ̀pọ̀ ìwé wa ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé pé ilé iṣẹ́ àwọn ará Jámánì ni. Àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹni tó sì wà nídìí rẹ̀ ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Simon Bergheim. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin yìí, èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe mọ ọ̀nà ilé ìjọba. Ní 1907, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìwakùsà epo fún Gúúsù Nàìjíríà, òun sì wà lára àwọn tó ti í kí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà, ìjọba kan náà yá ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní £25,000.

Owó ńlá ni nígbà yẹn, owó ìlú sì ni. Ìdí tí wọ́n fi yá a kò ṣòro láti rí. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi èédú sílẹ̀ bọ́ sórí epo, ìjọba sì ń wá epo lábẹ́ àsíá tirẹ̀ lójú méjèèjì.

Wọ́n lu ilẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀sà Lẹ́kí títí dé agbègbè Aráròmí, tó wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ lónìí. Wọ́n rí nǹkan. Láti 1908 ni epo tó ki àti ọ̀dà ti ń jáde nínú àwọn kànga kan. Ṣùgbọ́n omi ń ya wọ inú kànga, ohun tó sì ń jáde kò tó ohun tí wọ́n lè kó lọ sí ọjà kí ó san owó ẹ̀rọ, owó òṣìṣẹ́ àti owó ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá gbẹ́ ọ̀kan tán tí kò dára, wọ́n á tún gbẹ́ òmíràn. Owó kò sì padà wálé.

Ní 1912, ìjàǹbá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa Bergheim. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà ti kú. Epo wà ní Nàìjíríà lóòótọ́: Shell-BP bá a ní Olóìbírí ní 1956. Ọ̀dà náà wà ní Àgbàbú lóòótọ́: ó ṣì ń yọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Iye tí ìjọba sábà máa ń pè é ni tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 42, láti ilẹ̀ Ògùn gba Oǹdó kọjá dé Ẹdó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì wa, láti òkè òkun la ti ń rà á.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé òkúta sí mi lọ́wọ́ pé ó wà nílẹ̀, mo gbà. Nígbà ayé Bergheim náà, ó wà nílẹ̀.

Ihò kùsà kì í so ọ̀gẹ̀dẹ̀

Àgbẹ̀ kòkó mọ ìdúró. Yóò gbin igi, yóò sì tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó ká ohun tó lè gbé lọ sórí òṣùwọ̀n. Àmọ́ láàárín ọdún wọ̀nyí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tó gbìn sábẹ́ igi kòkó ló ń jẹ, ló sì ń tà. Ẹni tó ń wa kùsà kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gba ìwé àṣẹ títí di ọjọ́ tí wúrà àkọ́kọ́ bá jáde, ìnáwó lásán ni.

Onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan ní Àkúrẹ́, tó ti bá irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, to ìnáwó náà sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka owó ìnáwó ìyàwó. Owó ìwé àṣẹ ń lọ lọ́dọọdún sí Mining Cadastre Office ní Àbújá, ilẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ ó sanwó igi kòkó fún àgbẹ̀ tó ni oko. Ẹ ó la ọ̀nà. Ẹ ó yá ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀, mítà kọ̀ọ̀kan tó bá lù ló ń gbowó lé. Ẹ ó kó òkúta tí wọ́n bá hú jáde lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí àyẹ̀wò bá dé tí kò dára, owó yẹn ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tí ẹ ó bi.

Ó ní ohun tó ń pa àwọn kéékèèké jù ni pé wọ́n máa ń ṣírò iṣẹ́ bíi pé ọdún kan ni wọn yóò lò. Ọdún kan á wá di mẹ́rin.

Ọdún mẹ́rin ní Nàìjíríà kò sì jọ ọdún mẹ́rin níbòmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà dísù kan kò tó ₦300. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní ₦800. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, kò pé ₦500 sí dọ́là kan. Ní 2024 ó kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ àti àwọn ohun èlò rẹ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Ní ọdún kan náà, báǹkì àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ilé iṣẹ́ ń bá pàdé ní báǹkì tiwọn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi èlé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wa ilẹ̀, kí ó tètè bá wúrà o.

Ìnáwó mìíràn wà tí kò wọ ilẹ̀ rárá. Akáùntáǹtì kan tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ sọ pé òun kì í kọ́kọ́ wo èrè nínú ìwé ilé iṣẹ́ kùsà, torí kò sí níbẹ̀. Ohun tí òun ń wò ni iye tó lọ sínú ilẹ̀ àti iye tó lọ sí ọ́fíìsì. Bí owó ọkọ̀ jíìpù, owó ilé ní Àbújá, owó ìrìn àjò àti owó àwọn olùdarí bá ju owó lílu ilẹ̀ lọ, òun á pa ìwé náà dé. Mo bi í bóyá ìyẹn kò le jù. Ó ní rárá, àti pé òun kò tíì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Segilola ti Ìjẹ̀ṣà

Ẹ má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bíi pé kò sí èyí tó já sí rere. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Iléṣà láti Àkúrẹ́ kò jìnnà sí ọ̀kan. Ní agbègbè Ìperíndó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kùsà wúrà Segilola wà. Ilé iṣẹ́ ìjọba, Nigerian Mining Corporation, ló ti rí wúrà ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ó wá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní 2016, ilé iṣẹ́ kékeré kan, Thor Explorations, gbà á. Oṣù keje 2021 ni wúrà àkọ́kọ́ jáde. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín.

Tọ́ọ̀nù òkúta kan níbẹ̀, wúrà tó wà nínú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù mẹ́rin lọ, ìyẹn òrùka kan. Láti rí òrùka kan yẹn, ẹ ó fọ́ òkúta tó wúwo tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ náà fi wọ gbèsè. Africa Finance Corporation, tí ilé rẹ̀ wà ní Èkó, kó $86 mílíọ̀nù sílẹ̀: $54 mílíọ̀nù jẹ́ gbèsè, $21 mílíọ̀nù jẹ́ owó àsansílẹ̀ lórí wúrà, ìyókù sì jẹ́ owó ìpín.

Owó àsansílẹ̀ yẹn ló yẹ kí ará Oǹdó dúró wò dáadáa, torí ó mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ tí owó ilé ìwé ọmọ há mọ́ lọ́wọ́ á lọ bá alágbàtà nígbà òjò, á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, á fi kòkó ìgbà ìkórè ṣèlérí. Bí kòkó bá wọ́n nígbà náà, adùn rẹ̀ ti di ti alágbàtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó san owó àsansílẹ̀ lórí wúrà ṣe ní apá kan nínú ohun tí kò tíì jáde. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìpín láìmọ̀ pé wọ́n ti fi apá kan ìkórè dógò, ó ra oko tí kò mọ ààlà rẹ̀.

Nígbà tí gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn, ilé iṣẹ́ náà tún ń náwó láti wá wúrà ní Douta ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì gba ilẹ̀ lítíọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà. Onípìn-ín kan lè wò ó kó ní: ẹ kọ́kọ́ san gbèsè tán ná. Òmíràn lè ní kùsà kan kì í pẹ́ títí, bí wọn kò bá wá òmíràn nísinsìnyí, kí ni a ó jẹ lọ́la? Kò sí òpè nínú àwọn méjèèjì. Ní 2024 ni wàhálà mìíràn tún dé, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ibẹ̀ pa lórí ọ̀rọ̀ owó orí tí ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ. Òfin ilẹ̀ wa fi ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń dókòwò sí kùsà, kó ka ìjà bẹ́ẹ̀ mọ́ ìnáwó.

Wọ́n là á já. Wúrà tí wọ́n ń wà lé ní 80,000 ounce lọ́dún, owó wúrà lágbàáyé sì gbé wọn sókè. Ní 2025, gbèsè yẹn ti kúrò nílẹ̀, àwọn onípìn-ín sì gba èrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun kan ń dùn mí níbẹ̀ o: Toronto àti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ta ìpín yẹn, kì í ṣe Èkó. Wúrà Ìjẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n ìyá alágbàtà ìlú Oǹdó kò lè rọrùn rà á bó ṣe lè ra ìpín báǹkì. Òkúta inú ọ̀rá ló kù fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ìtàn yìí ni pé níná owó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, gbèsè gan-an kọ́. Gbogbo oṣù mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ yẹn ń gbé ìwé jáde: iye tó ná, iye tó jẹ, ọjọ́ tí yóò san án. Olówó kò nílò láti fi òkúta síwájú oòrùn.

Ta ló kọ́kọ́ jẹun?

Ìbéèrè ìyá alágbàtà yẹn, pé ta ni wọ́n jẹ lówó, kò wá láti inú ìwé. Bó ṣe sọ fún wa lẹ́yìn ìpàdé, ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ òun wọ gbèsè nígbà kan. Ọjọ́ tí wọ́n tì í pa ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé báǹkì ló ni ilé ìkẹ́rù, ọkọ̀, títí dé òṣùwọ̀n. Òun àti àwọn alágbàtà yòókù tò sí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ohun tó kù nínú ilé láti pín.

Bí òfin ṣe tò ó nìyẹn. Bí ilé iṣẹ́ bá wó, ẹni tó ní ohun ìdógò ló ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó orí ìjọba ní ààyè tiwọn. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tó gbé dísù wá láwìn, ẹni tó ń gbọ́únjẹ, ẹni tó ní típà tó ń kó òkúta. Onípìn-ín ló kẹ́yìn pátápátá. Nígbà èrè ni wọ́n máa ń pè é ní ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé iṣẹ́; nígbà òfò ló ń rí ohun tí orúkọ yẹn túmọ̀ sí.

Ẹnì kan tilẹ̀ wà lẹ́yìn onípìn-ín tí kò sí nínú ìwé kankan: ará abúlé. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí ilé iṣẹ́ bá ìlú tó gbà á lálejò kọ ìwé àdéhùn, kó sì fi owó àtúnṣe ilẹ̀ pamọ́. Bí owó bá tán, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pa tì. Ihò á kún fómi, àwọn ọmọdé á máa wẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé tó yẹ kí ẹ béèrè

Òfin CAMA ti 2020 sọ pé bí ilé iṣẹ́ bá fi ohun ìní rẹ̀ dógò, kó forúkọ gbèsè náà sílẹ̀ ní Corporate Affairs Commission láàárín 90 ọjọ́. Ẹnikẹ́ni lè sanwó wo ìwé yẹn. Mining Cadastre Office ni yóò sọ fún yín bóyá ìwé àṣẹ kùsà ṣì wà láàyè àti orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ Securities and Exchange Commission sì ni láti mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbowó lọ́wọ́ aráàlú. Òfin ìdókòwò tuntun ti 2025 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń fi owó ẹni tó dé kẹ́yìn san ti ẹni tó dé ṣáájú. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn tí Ààrẹ fọwọ́ sí i ni CBEX, ọ̀kan lára irú ètò bẹ́ẹ̀, wó, tí àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n ń kó àga.

Ẹ tún béèrè irú iye tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní wúrà pọ̀ nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ pààlà sáàárín ohun tí wọ́n rò pé ó wà nílẹ̀ àti ohun tí wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn pé ó ṣeé wà jáde pẹ̀lú èrè. Èkejì nìkan ló jọ owó. Ní 1997, ilé iṣẹ́ Kánádà kan, Bre-X, fọ́ yángá lẹ́yìn tí àṣírí tú pé wọ́n ti da wúrà sórí òkúta àyẹ̀wò tí wọ́n kó láti Busang ní Indonéṣíà. Àwọn tó fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra ìpín rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀; òkúta ni wọ́n fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kánádà ṣe òfin pé onímọ̀ tó ní orúkọ láti bàjẹ́ ni yóò máa fọwọ́ sí irú iye bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn kò dá owó kankan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà mú ohun mẹ́ta wá: ìwé owó ọdún méjì tí akáùntáǹtì tí kì í ṣe tiwọn ti yẹ̀ wò, orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n jẹ lówó, àti ẹ̀dà ìwé àṣẹ kùsà. Ó ní òun á mú un wá ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Wọ́n ti ṣe ìpàdé mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ìwé kò dé. Òkúta náà ṣì wà lórí tábìlì akọ̀wé, ó ń fi í tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ.